Ta Ló Máa Dá Ọ̀rọ̀ Bàbá Kínìdí Padà?

                                        Òkè Ilé-iṣẹ́ Akẹ́rù,
                                        Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Ilé-Omi.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Alátakò, ọ̀rẹ́ mi tí kì í gbà bọ̀rọ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ilé tòrò, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí o ní kò jẹ́ kó sùn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun ò lè gbà pé ayé ń yí àfi bí òun bá rí i tó ń yí? Mo mọ ẹni tó ti jogún ẹnu yẹn.

Àwa náà wà níbí, ara le. Ọkọ̀ akẹ́rù kejì ti dé, mo sì ti lé awakọ̀ tí o mọ̀ yẹn, ẹni tó máa ń sọ lórí fóònù pé òun ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí mo ń wò ó láti ojú fèrèsé mi. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ti sanra, àbí àríyànjiyàn ṣì ni o fi ń jẹun.

Ìkíni tó bẹ́ẹ̀. O mọ̀ mí, n kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Bàbá Kínìdí ló gbé mi dé ìdí ìwé. Ó dá mi lójú pé Apoògùn ti kọ̀wé sí ọ ṣáájú mi, ó sì ti sọ ọ́ bí ẹni ń ka ara ìgò oògùn: pé a da májẹ̀mú tí ìwọ fúnra rẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí sí. A ò da nǹkan kan. A ṣe é ju bó ṣe wà lọ ni. Fara balẹ̀ kí n là á fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o tó ṣí ẹnu rẹ.

Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o mọ̀, torí mo fẹ́ kí ìyàwó rẹ náà lè kà á kó yé e. Gbogbo ọjọ́ Sátidé la máa ń jókòó ní pálọ̀ Bàbá, láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì. Àga mẹ́fà tí ìkankan ò bá ìkejì tan, pátákó dúdú tí iléèwé fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń lọ, fáànù tó ń mi orí bí ọmọ tí kò fẹ́ lo oògùn. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tà lọ́jà la máa ń sọ níbẹ̀: kí ni ọkàn, báwo la ṣe mọ ohun tí a mọ̀, kí ló dé tí odindi àwùjọ fi lè jọ ṣìnà tí ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè dá ṣìnà tó bẹ́ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo la ní, Bàbá ló fi lélẹ̀: o ò gbọdọ̀ ta ko ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni àfi tí o bá kọ́kọ́ dá a padà fún un. Ìyẹn ni pé wàá fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó ní lọ́kàn, wàá bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni, òun náà á sì dáhùn pé, "Ohun tí mo sọ nìyẹn." Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, gbé ẹnu rẹ dákẹ́. O rántí bí òfin yẹn ṣe máa ń ni mí lára. Ìdajì ìjókòó la fi ń dá ọ̀rọ̀ padà bí ẹni ń dá abọ́ aládùúgbò padà.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí o rìnrìn àjò ni a jiyàn lórí ẹni tí ìrántí rẹ̀ bá lọ. Ìwọ ní ẹni náà ṣì ni. Apoògùn ní rárá o, inú ọpọlọ lèèyàn ń gbé, bí ilé bá ti wó, kí á yéé kan ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wá sọ èyí tó sọ: "Ọjọ́ tí mo bá bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìjókòó kan, tí n ò sì mọ̀ pé mo ti bi yín tẹ́lẹ̀, ẹ gba àga alága lọ́wọ́ mi, kí ẹ fà mí lé ọmọ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ní n ò lọ, ẹ má dá mi lóhùn. Kì í ṣe èmi ló ń sọ̀rọ̀ mọ́." Ó ní kí ìwọ ṣe ẹlẹ́rìí, kí èmi ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní, "Alátakò ò ní gbàgbé, Ṣeékíá ò ní falẹ̀." Gbogbo wa fi ṣe ẹ̀rín.

Ọjọ́ náà dé.

Bàbá ló mú ìbéèrè wá lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè tó dùn ún jẹ lẹ́nu: bí èèyàn bá sùn tí kò lálàá, níbo ló wà? Apoògùn ní orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, kí la tún ń wá. Onígbàjámọ̀ ní òun ò gbà, pé àwọn tó bá sùn lọ lórí àga òun nígbà tí òun bá ń gé irun wọn, òun máa ń mọ ìgbà tí wọ́n bá jáde, torí orí wọn á wúwo lọ́wọ́ òun lójijì. Èmi ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ò ní yí nǹkan kan padà lọ́jọ́ Mọ́ńdé, kí á gbé e tì. A jà á títí ó fi tán nílẹ̀. A mu omi. Bàbá nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò wá pẹ̀lú ojú ayọ̀ tó máa ń ní bí ohun tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan lónìí. Bí èèyàn bá sùn tí kò lálàá, níbo ló wà?"

Fáànù nìkan ló ń mi orí. Onígbàjámọ̀ ń wo bàtà rẹ̀, Apoògùn ń wo èmi. Mo mọ ìdí tó fi ń wò mí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ahọ́n mi ló kọ̀. Kí n tó rí i yanjú, Nọ́ọ̀sì ti wá bá mi ní ọ́fíìsì. O mọ̀ ọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìlú tó wà ní òdìkejì afárá. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sórí páálí ẹrù, ó ní òun bá kẹ́tù Bàbá lórí iná, ó ti dúdú bí èédú, omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Aládùúgbò sì rí Bàbá níwájú iléèwé rẹ̀ àtijọ́ nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, ṣọ́ọ̀kì wà lápò rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n wá ṣí géètì. Nọ́ọ̀sì ti tún yàrá kan ṣe fún un nílé rẹ̀, ó ti kun ún, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bàbá ní òun ò lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ bá mi sọ fún un. N ò lè fi okùn fa bàbá mi."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn: bí a bá mú un lọ tipátipá tí òun gan-an sì ni ó ń kọ̀, a ti jí èèyàn gbé. Bí a bá fi í sílẹ̀ tí àìsàn sì ni ó ń kọ̀, iná ìdáná á sọ ìyókù fún wa.

Mo pe ìpàdé. Ìpàdé tí kò bá ní ìpinnu nínú, eré àga ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi níléèwé okòwò, n ò sì tíì rí ohun tó já a nírọ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà: TA NI KÍ Á GBỌ́ TIRẸ̀, BÀBÁ ÀTIJỌ́ TÓ NÍ KÍ Á MÚ ÒUN LỌ, ÀBÍ BÀBÁ ÒNÍ TÓ NÍ ÒUN Ò LỌ? Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kà á bí ẹni tó fẹ́ fún mi ní máàkì. Ó ní ìlà mi ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń lọ sódò. Nọ́ọ̀sì jókòó sí ẹ̀yìn, ọwọ́ lẹ́rán.

Apoògùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí Bàbá méjì, Bàbá kan àti àìsàn kan ló wà. Ó ti rí àwòrán ọpọlọ tí wọ́n yà ní ọsibítù, ó sì fi ìka ṣàpèjúwe ibi tó ń sún kì fún wa. "Ẹni tó ní òun ò lọ yẹn, àìsàn ló ń yá ẹnu Bàbá lò."

Onígbàjámọ̀ dá a padà fún un. "O ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Bàbá."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Ó dáa. Mo gé irun rẹ̀ lánàá. Ó ní mo ti gé ẹ̀yìn etí òsì jù. Ṣé àìsàn ló ní etí?"

"Má sọ ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́, jàre."

"Kò sí yẹ̀yẹ́ ńbẹ̀. Mo wo dígí, mo ti gé e jù lóòótọ́. Àìsàn tó bá mọ̀ tó báyẹn, ẹ jẹ́ kí ó wá ṣe alága."

Èmi náà gbé tèmi kalẹ̀. Mo ní ilé-iṣẹ́ ni kí á fi í wé. Bí ọ̀gá àtijọ́ bá ti fọwọ́ sí àdéhùn, ọ̀gá tuntun ò lè dé kó ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Onígbàjámọ̀ dá a padà fún mi láìsí àṣìṣe, ó wá ní ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun lè pe àwọn tó bá wọn ṣe àdéhùn, kí wọ́n jọ tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, pé ta ló yá Bàbá ní ọgbọ́n nínú wa láti àárọ̀? Mo dá tirẹ̀ náà padà fún un wéré, mo ní àkókò ti tó, kí á dìbò. Bàbá na ọwọ́ sókè. Mo bi í pé apá ibo ló dìbò sí, ó ní kì í ṣe ìbò, òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á parí ìbò ná." Apoògùn àti èmi ní kó lọ, Onígbàjámọ̀ ní kó má lọ. Nọ́ọ̀sì ò dìbò, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Mo kéde rẹ̀, mo kọ ọ́ sára pátákó, mo fa ìlà sí i nídìí, orí mi sì wú, torí láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa ti wà, a ò tíì parí nǹkan kan rí.

Bàbá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́. Ta ló máa wá dá ọ̀rọ̀ mi padà?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo wo pátákó tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ kálukú sí. Ọ̀rọ̀ Apoògùn wà níbẹ̀, ti Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, tèmi gba ààyè jù. A ti dá ti gbogbo ènìyàn padà àfi ti ẹni tí a ń ta kò gan-an. A ti sọ ọ́ di kókó ọ̀rọ̀, a sì gbàgbé pé ọmọ ẹgbẹ́ ni. Apoògùn rọra sọ sí mi létí pé àṣà tó ti pẹ́ lára ló máa ń kẹ́yìn kúrò nínú ọpọlọ, pé kò fi hàn pé Bàbá mọ ohun tó ń sọ. Mo dá a lóhùn pé ó lè má fi nǹkan kan hàn, òfin ṣì ni òfin. Ìbò tí a ò tẹ̀lé ìlànà kí á tó dì í, fífagilé ló ń gbà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ báyìí, èyí tó sọ ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú àti ohun tí a fi agbára mú. Gbé e mì. Kíkánjú kọ́ ló ṣì mí lọ́nà, ìgbésẹ̀ kan ni mo fò. Mo padà lọ gbé e, mo sì tún kánjú gbé e.

Mo ní ọmọ rẹ̀ ni kó dá ọ̀rọ̀ náà padà, torí òun ló fẹ́ ta kò ó. Nọ́ọ̀sì dìde, ó wá dúró níwájú àga bàbá rẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kúrò nílé yín."

"N ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín láti wá síbi tí ẹ ò mọ̀."

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ilé rẹ. Géètì rẹ ń han bí ewúrẹ́."

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ di ẹrù lé mi lórí."

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ti di ẹrù lé mi lórí rí, o sì wúwo."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba, ó ní, "Bàbá, n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan. Mo rò pé ó ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá ní, "Nígbà tí mo wá sílé rẹ lọ́jọ́sí, mo ní ọjọ́ Mọ́ńdé ni. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Nígbà tó yá, mo ní ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ní ìyá rẹ ń bọ̀ láti ọjà. Gbogbo yín lẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìyá rẹ ti kú. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo wá wò yín, mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí ti sin mí ní ìjókòó. Ẹni tí gbogbo ilé ń gbà fún, kí ló kù fún un? Ibi tí wọn ò ti ní bá mi jiyàn, n ò ní lọ."

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́, pé kí á má ta ko ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, kí ọkàn rẹ̀ má bàa dàrú, òun sì ti fi kọ́ ọkọ òun àti àwọn ọmọ òun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá kọjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ ní ẹ máa tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ ilé tí gbogbo ènìyàn á máa ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn."

Nígbà tí àwọn yòókù ń wá ohun tí wọ́n á fi nu ojú, èmi ń wá fóònù. Ọkọ̀ akẹ́rù mi kan máa ń gba ìlú Nọ́ọ̀sì kọjá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìjókòó ẹ̀yìn awakọ̀ rẹ̀ sì gba ẹni mẹ́ta: òun ló máa gbé wa lọ bá Bàbá jókòó lọ́hùn-ún. Kí a tó jáde ní pálọ̀ yẹn, mo ti pín iṣẹ́: ta ló máa di ìwé Bàbá, ta ló máa tú pátákó kúrò lára ògiri, ta ló máa sọ fún onílé. Bí o bá ń wá májẹ̀mú rẹ, òun rèé. A fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí á ṣe. A gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ náà, a dì í mọ́ inú ọkọ̀ akẹ́rù, a sì tún gbé e kalẹ̀ fún un ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀. Èmi ni alága báyìí. Orí àga onírọ́bà ni mo ń jókòó sí.

Ibì kan ṣoṣo ni a ti ṣàìgbọràn: ó ní kí á má dá òun lóhùn, a sì dá a lóhùn. Mo ti rò ó dáadáa, n ò sì kábàámọ̀. Ohun tí sáyẹ́ǹsì Apoògùn sọ, òótọ́ ni, ibẹ̀ ń sún kì, kò sì sẹ́ni tó máa dá a dúró. Àwòrán yẹn lè fi ohun tó ń lọ hàn wá. Kò lè sọ ẹni tí èyí tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọkàn dà bí ilé ìkẹ́rùsí tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, tí onílé bá ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ó parí. Irọ́ ni. Púpọ̀ nínú ẹrù Bàbá, ọ̀dọ̀ àwa tí a lè sọ fún un pé rárá ló tọ́jú rẹ̀ sí.

N ò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ń dùn. Nọ́ọ̀sì ní àwọn àárọ̀ kan wà tí ẹ̀rù á ti bà á kí ilẹ̀ tó mọ́, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ òun kì í bá a jiyàn, òun á kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní òun á máa wo ojú rẹ̀ kí òun tó mọ èyí tí òun máa ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ṣe iṣẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́ tí a lọ, a dé bá a ní pálọ̀, pátákó ti wà lára ògiri. Kí a tó jókòó dáadáa ló ti ní, "Bí èèyàn bá sùn tí kò lálàá, níbo ló wà?" Apoògùn ní orí bẹ́ẹ̀dì. A jà á. Ó rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó gbé omi wá fún wa, ìlà ìrọ̀rí ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí èèyàn bá sùn tí kò lálàá, níbo ló wà?"

Nọ́ọ̀sì gbé àwo omi kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti bi wọ́n léèkan, mo gbọ́ ọ láti yàrá. Ìdáhùn wọn ni kò dáa. Ẹni tó bá sùn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó máa jí i ló wà."

Bàbá jókòó dáadáa. Ojú rẹ̀ tàn bíi tìgbà tí a mọ̀ ọ́n. Ó ní, "O ní kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jí i ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ohun tí mo sọ nìyẹn, Bàbá."

"Ó dáa. N ò gbà."

Alátakò, mi ò tíì rí obìnrin tí wọ́n ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ gan-an, sọ fún un pé oyin àti omi gbígbóná dára fún ikọ́, kó má dúró de ìgbà tí o bá parí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Kí àwọn ọmọ. Onígbàjámọ̀ ní kí o fi irun rẹ sílẹ̀ títí wàá fi dé, kí o má lọ fún ẹlòmíràn bà jẹ́. Bàbá náà ń kí ọ. Mo sọ orúkọ rẹ fún un, ó ní òun ò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó dá òun lójú pé o ò ní gbà. Àga rẹ ṣì wà, a kó o mọ́ ìyókù. Bí ìsinmi rẹ bá ti yá, sọ ọjọ́ fún mi, kí o má sọ pé láìpẹ́, awakọ̀ mi ò mọ ọjọ́ tó ń jẹ́ láìpẹ́.

Kọ èsì. Bí o bá sì fẹ́ ta kò mí, kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ mi padà.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í dúró de ẹnìkan,
                                        Ṣeékíá.